Fóònù ò lè fọwọ́ mú ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Àbúrò kan sọ níwájú mi ní Ṣágámù pé kí wọ́n kúkú kó gbogbo ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ yé náwó mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde wá síbí. Mi ò gbà rárá.

Kì í ṣe pé mo kórìíra fóònù o. Nígbà tí èmi gan-an padà sídìí ìwé láti gba dìgírì, orí fóònù ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù. Tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo wẹ̀ tán, màá tan ohùn olùkọ́, màá dá a dúró, màá tún un gbọ́ títí tí yóò fi yé mi. Bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣírò oògùn, gbogbo ìyẹn ṣeé kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. NOUN pàápàá, yunifásítì tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún dìgírì nọ́ọ̀sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, ọmọ tó já fáfá, tó ti wo fídíò bí wọ́n ṣe ń wọn BP, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, títí tó fi há sí i lórí. Mo ní kó wọn ti aláboyún kan tó ń ta obì ní Sábó. Ó de aṣọ ẹ̀rọ BP mọ́ ọn lápá dáadáa, ó fẹ́ ẹ, ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó kọ 120/80, bíi ti ẹni tí ara ẹ̀ dá. Mo wo ẹsẹ̀ ìyá náà: ó wú. Mo bi í, “Ṣé o gbọ́ ọ?” Omi lé ròrò sójú ẹ̀. “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ma.” Àṣé ẹ̀yìn ló kọ ẹnu stethoscope, ohun tí a fi ń gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù, sí nínú etí. Mo yí i síwájú, mo mú ìka ẹ̀ lọ síbi tí iṣan ti ń lù ní ìgbọ̀nwọ́ ìyá náà, a jọ wọ̀n ọ́n. 160/110, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní a fi 120/80 yẹn ní kó máa lọ sílé, gìrì lè gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́.

Fídíò wo ló máa rí ìyẹn? Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbé lẹ́kíṣọ̀ sórí fóònù, kí àyè tó bá ṣí sílẹ̀ di ti wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé rán wọn lọ ra omi nígbà tí aláìsàn wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó gba iṣẹ́, ọmọ yẹn ti wọn ti ìyá olóbì lẹ́ẹ̀mejì.