Ilé obìnrin nìkan, àbí ilé inú ọgbà yunifásítì?

Ìyá Àkọ́bí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin wọlé sí Yunifásítì Texas ní Austin, oṣù kẹjọ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ ti yunifásítì fúnra rẹ̀, inú ọgbà, tọkùnrin tobìnrin ń gbé ibẹ̀. Èkejì jẹ́ ti aládàáni, ó wà lẹ́yìn ọgbà, obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, oúnjẹ wà nínú owó ilé, àlejò ọkùnrin sì ní wákàtí tirẹ̀. Èkejì yìí ni mo fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rù tèmi ni mo fẹ́ fi yan ilé fún ọmọ. Ẹ bá mi dá sí i.

Dúró Gbọnin
Màmá, ilé obìnrin ni kí ẹ gbé e sí. Kí la tún ń rò? Láti 1922 ni àwọn Másọ́nì Scottish Rite, ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Másọ́nì, ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Austin níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sí yunifásítì yìí kan náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nǹkan tí kò bá dára kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

Ẹnu Ọ̀nà
Ẹ̀gbọ́n, nǹkan burúkú náà ń pẹ́ lọ́jà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Màmá, ìbéèrè méjì lẹ lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Ti aládàáni tàbí ti yunifásítì, ìyẹn ọ̀tọ̀. Obìnrin nìkan tàbí àdàlù, ìyẹn náà ọ̀tọ̀. Inú ọgbà gan-an ni ilé Littlefield ti yunifásítì wà, obìnrin ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1927. Òfin Title IX ti Amẹ́ríkà tó dé ní 1972, tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ má ṣe ṣe ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin, òun náà fàyè gba kí ilé tí wọ́n ń sùn sí yàtọ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ obìnrin nìkan lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì ilé-gbígbé ti yunifásítì ohun tí wọ́n ní.

Ìyá Àkọ́bí
Ṣé o rí i, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n ààbò ńkọ́? Ilé kékeré tí wọ́n ti mọ gbogbo ọmọ lórúkọ, ṣé kò dáa ju ibi tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí lọ ni?

Dúró Gbọnin
Ẹ bá mi bi wọ́n! Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbé Jester nìkan, ilé ńlá yunifásítì tó wà nínú ọgbà. Ìyẹn kì í ṣe ilé, ìlú ni.

Ẹnu Ọ̀nà
Ìlú tó ní ẹ̀ṣọ́ ju ilé tí kò ní lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan, kò dùn gbọ́. Ní 1986, wọ́n pa ọmọbìnrin kan, Jeanne Clery, nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh. Inú ọgbà ni o, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ló sì pa á. Àwọn ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa ti ara wọn, àwọn ọmọ ilé ti fi nǹkan há wọn kí wọ́n má baà padé. Ohun tó bí òfin Clery ní 1990 nìyẹn: yunifásítì tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé iye ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́gbà rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ibi tí mo ń lọ rèé: ilé aládàáni tí yunifásítì kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Òbí á ka ìwé náà, á rí i pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́gbà, á wo ilé aládàáni, kò ní rí nǹkan kan, á ní ibẹ̀ ló mọ́. Wọn ò kà á ni o, kì í ṣe pé kò ṣẹlẹ̀.

Dúró Gbọnin
Ó dáa, mo gbà fún ẹ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn tìẹ náà fi hàn pé ọgbà kọ́ ni ààbò.

Ẹnu Ọ̀nà
Kò sẹ́ni tó ní òun ni. Ilẹ̀kùn ni. Kí màmá lọ wo ilẹ̀kùn ilé méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ní àárọ̀ tí wọ́n ń mú àlejò yíká.

Rírò Ni Tèèyàn
Ẹ kú àríyànjiyàn. Èmi gbé irú ilé yìí fún ọdún méjì, ìlú mìíràn ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Màmá, ẹ má dá àwọn tó ń bú u lóhùn. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin tó ń bójú tó ilé ló kọ́kọ́ mọ̀, torí kò rí mi níbi oúnjẹ. Ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá bá mi lókè. Ilé ńlá wo ni wọ́n ti máa mọ̀?

Ohun tó dùn mí wà níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti mọra láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ sorority, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi nìkan ni n kò mọ ẹnì kankan. Àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà, alẹ́ ni wọ́n máa ń pàdé láti ṣiṣẹ́, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó túká. Àwọn wọ àtẹ̀gùn, èmi wọ títì. Ẹ gbọ́ o: nínú ilé tí ẹ sanwó ààbò sí, ẹ̀rù kò bà mí rí. Ọ̀nà ilé ló ń bà mí lẹ́rù.

Àbúrò mi ọkùnrin wakọ̀ wákàtí mẹ́fà wá kí mi, pálọ̀ ló jókòó sí bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Mo ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ìyá Àkọ́bí
Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn wọ̀ mí lára.

Akọ̀wé Owó
Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí mo ti rí omijé òbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin wọlé. Àdéhùn ni.

Tí ọmọ bá gbé inú ọgbà, owó ilé àti owó ẹ̀kọ́ sábà máa ń wà lórí ìwé gbèsè kan náà, owó ìrànwọ́ yóò sì san wọ́n tààrà. Tó bá gbé ilé aládàáni, yunifásítì yóò kọ́kọ́ yọ owó tirẹ̀, èyí tó kù ni wọn yóò fún ọmọ. Owó ìjọba kì í sì í jáde ju ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà lọ. Onílé aládàáni kì í dúró dè é. Àsansílẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì parí, àpò yín ló sì ti jáde.

Èyí tó tún le jù: tí ọmọ bá ṣàìsàn tó sì ní láti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Yunifásítì sábà máa ń ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Onílé aládàáni lè ní kí ẹ san gbogbo ọdún, àyàfi tí ẹ bá rí ẹlòmíràn tó máa gba yàrá náà. Orúkọ yín tí ẹ fi ṣe onídùúró ni wọ́n máa mú, kì í ṣe tọmọ. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ilé máa ń tì nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Ọmọ tó ti ọ̀nà jínjìn wá, níbo ni yóò sùn?

Bàbá Àkọ́bí
Ìyá Àkọ́bí, o gbé ọ̀rọ̀ ilé wa wá síbí?

Ìyá Àkọ́bí
Ta ló fi ojú ìjíròrò orí ayélujára yìí hàn yín?

Bàbá Àkọ́bí
Ọmọ rẹ ni. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun kò kọ ilé obìnrin, òun kò fẹ́ kí wọ́n yàn án fún òun ni. Ó tún ní ṣé o ti ka àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó o tó buwọ́ lù ú.

Dúró Gbọnin
Ha! Bàbá dé. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú sí wa.

Ìyá Àkọ́bí
Ojú ewé méjìlá ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ojú ewé kìíní nìkan ni mo kà, àwòrán ọgbà òdòdó ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé Owó, ojú ewé wo ni kí n ti wá ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kúrò kí ọdún tó parí?

Akọ̀wé Owó
Apá ìparí ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, màmá, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní.

Ìyá Àkọ́bí
Bàbá Àkọ́bí, jígí ojú mi dà?

Bàbá Àkọ́bí
Orí rẹ ló wà.