Ìmọ́lẹ̀ ìlú kò ní kí ẹ má ya nẹ́búlà

"Bí o bá ń gbé ìlú ńlá, gbàgbé nẹ́búlà. Àfi kí o lọ sí aginjù." Nẹ́búlà ni ìkùukùu afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán ojú ọ̀run tí wọn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Mo ti rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ pamọ́, tí kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́.

Ojú wa ló ń tàn wá jẹ. A wòkè, ojú ọ̀run rí bí eérú, a sì gbà pé iná ìlú ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Kò bo nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ti kúrò nínú nẹ́búlà Orion láti nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn ṣì ń wọ inú kámẹ́rà yín lóru òní. Ti iná ìlú kàn dà mọ́ ọn ni, ohun tó bá sì dà pọ̀ ṣeé sẹ́.

Ọ̀pọ̀ nẹ́búlà ni afẹ́fẹ́ inú wọn ń tàn fúnra rẹ̀, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í tan gbogbo àwọ̀. Lọ́dún 1864, William Huggins, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ohun èlò tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ wo nẹ́búlà kan nínú àgbájọ ìràwọ̀ Draco. Dípò òṣùmàrè kíkún, ìlà mélòó kan péré ló rí. Nánómítà la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀: háídrójìn ń tàn pupa ní nánómítà 656.3, ọ́síjìn ń tàn ní 500.7. Iná LED ní tirẹ̀ ń fọ́n àwọ̀ káàkiri láti búlúù dé pupa. Ẹ wá fi asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò ju nánómítà 7 lọ síwájú kámẹ́rà, sórí ìlà háídrójìn: ti nẹ́búlà á kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ti ìlú á dúró síta.

Ìyókù, sùúrù ni. Mo ya Rosette, nẹ́búlà kan tó rí bí òdòdó (NGC 2237 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀), fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwòrán àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán: ìràwọ̀ díẹ̀, àti nǹkan kan láàárín bí àmì ìka lára gíláàsì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ya 100, mo kó wọn lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, ihò àárín òdòdó náà là, àwọn okùn dúdú tín-ín-rín sì yọ létí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ nẹ́búlà di ìlọ́po 100, nígbà tí wóróworó bí iyanrìn tó ń ba àwòrán jẹ́ di ìlọ́po 10 péré. Ìmọ́lẹ̀ ìlú lójú ọ̀run fúnra rẹ̀ rọrùn láti yọ kúrò. Wóróworó tó bá a wá ni wàhálà, iye wákàtí tí ẹ bá sì fi ya àwòrán ló ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó gbìyànjú tó kùnà, ìlú kọ́ ló jẹ̀bi. Kámẹ́rà lásán máa ń ní gíláàsì kan nínú láti ilé iṣẹ́ tó ń dí púpọ̀ nínú pupa háídrójìn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yí i padà.

Asẹ́ yìí kò wúlò fún nẹ́búlà tó kàn ń dá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ padà, bí èyí tó yí àkójọ ìràwọ̀ Pleiades ká, torí gbogbo àwọ̀ ló wà nínú tiwọn. Ní ti ìyẹn, ẹ di ẹrù, kí ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn lọ.