Owó tó bá wọ dáṣíbọ́ọ̀dù bàálù àlòkù kì í padà wá tán

Àwọn tó fẹ́ ra bàálù kékeré àlòkù sábà máa ń sọ pé: "Èyí tówó rẹ̀ wálẹ̀ ni màá rà, màá wá fi ẹ̀rọ ìgbàlódé sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá tà á, gbogbo owó mi á padà." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Cessna 172, bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń tà á, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ló sì ti lé ní ogójì ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ yọ àwọn aago àtijọ́ inú rẹ̀ tó ń fi eré àti gíga bàálù hàn, kí ẹ fi skírìnì rọ́pò wọn, ẹ̀rọ nìkan kọ́ lẹ máa sanwó fún. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà pé ẹ̀rọ náà bá irú bàálù yẹn mu. Wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀, wọ́n á yọ wáyà tó ti gbó, wọ́n á fa tuntun, wọ́n á tún ìwọ̀n bàálù ṣírò. Owó iṣẹ́ yìí lè tó owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín ò ní wo rìsíìtì. Iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà ló máa wò. Ó wọ́pọ̀ kí ìdajì owó náà gbé síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wá èyí tí ẹlòmíì ti náwó sí.

Ohun tí òfin fi dandan lé yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kìíní ọdún 2020, ẹ ò lè gbé bàálù tí kò ní ADS-B Out, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàálù wà, súnmọ́ ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ńlá láìgba àṣẹ. Bí èyí tí ẹ fẹ́ rà ò bá ní in, ẹ yọ iye tó máa ná yín láti fi sí i kúrò nínú owó tí ẹ máa san. Ẹ̀rọ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ bí bàálù bá já ńkọ́? Àwọn ti àtijọ́ ń ké lórí ìgbì rédíò 121.5 MHz, sátẹ́láìtì ò sì gbọ́ ìyẹn mọ́ láti oṣù kejì ọdún 2009. Ẹ fi ti 406 MHz sí i, bí owó rẹ̀ ò tiẹ̀ ní padà láéláé. Ẹ̀mí ò ní sípíà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹ́ńjìnì. Fún púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnì irú bàálù yìí, Lycoming, iléeṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, dámọ̀ràn àtúnṣe pátápátá lẹ́yìn wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Skírìnì tó ń dán lè gbàfiyèsí yín débi pé ẹ ò ní béèrè ìyẹn, ẹ ò sì ní yẹ ìpẹtà inú ìyẹ́ wò. Kí ẹ tó jókòó sídìí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé àkọsílẹ̀ ẹ́ńjìnì wá.