Oògùn tó ń múni tọ̀ àti gósílò Nyanya

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n wá bá wa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mararaba, nítòsí Àbújá. Bàbá kan tá a jọ ń gbé ilé kan náà, ará Ìkìrun, ló wà níwájú mi lórí ìlà. Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. 178 lórí 110. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lo oògùn yín. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dín wàhálà kù, kí ẹ sì máa sùn dáadáa."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, wàhálà tí mo bá dín kù, ta ni kí n gbé e fún?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi arábìnrin kan lẹ́yìn mi tó ní àwọn àgbàlagbà kì í gbọ́ràn, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo gbàyè lọ́wọ́ Bàbá kí n tó kọ èyí o.

Mo mọ ìdí tí kì í fi í lo oògùn rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n kọ fún un, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tó ń lé omi kúrò lára. Béèyàn bá lò ó, kò ní pẹ́ tí ìtọ̀ á fi máa gbọ̀n ọ́n, lemọ́lemọ́. Àárọ̀ ni wọ́n ní kó máa lò ó, kó má baà máa dìde lóru. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìdájí ni Bàbá ń jí. Kó tó di aago márùn-ún, ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ti há a mọ́ àárín èèyàn mẹ́ta, ọkọ̀ ń wọ́ lọ sí Nyanya bí ìgbín.

Ó lo oògùn náà lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí afárá Nyanya, ọkọ̀ dúró pa. Ó bẹ dírẹ́bà, dírẹ́bà ò dá a lóhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹni tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó lọ dojú kọ gọ́tà. Kó tó so ṣòkòtò tán, ọ̀nà ti là, bọ́ọ̀sì ti lọ, owó tó san ti wọmi. Aago mẹ́wàá ló dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀, tí kò tó àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí, fún un ní kúèrì. Láti ọjọ́ náà, Sátidé nìkan ni Bàbá ń lo oògùn yẹn.

Mẹ́séńjà ni ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Iṣẹ́ yìí gan-an ló jẹ́ kí n rántí ìwádìí kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba jọ ní Whitehall, àdúgbò tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, wọ́n lé ní 17,000, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Dókítà olùwádìí kan, Michael Marmot, wà lára àwọn tó gbé àbájáde rẹ̀ síta. Àwọn mẹ́séńjà àtàwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ikú láàárín wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá òkè. Ẹ rántí pé ìlú tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 1948 là ń sọ o, ebi ò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n ṣírò sìgá mọ́ ọn, wọ́n ṣírò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò tó ìdajì ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ àti òkè nìkan. Àkàbà ni: bí ipò bá ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ikú àrùn ọkàn ń pọ̀ sí i. Ní 1985 wọ́n bẹ̀rẹ̀ èkejì, wọ́n kó obìnrin mọ́ ọn. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, àrùn ọkàn máa ń sún mọ́ ọn ju ẹlòmíì lọ.

Mẹ́séńjà tó ní ọkọ̀ ojú irin tó ń dé lásìkò nìyẹn o. Tiwa tí wọ́n tún ṣí ní Àbújá ní 2024, kò débi Nyanya rárá.

Bàbá kì í ṣe ará Mararaba tẹ́lẹ̀. BQ kan, ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ńlá, ní Garki láàárín Àbújá ló ń gbé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ní 2005 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ta àwọn ilé tó kọ́ fún òṣìṣẹ́, àwọn tí ilé wà lórúkọ wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi lọ̀. Orúkọ Bàbá ò sí níbì kankan. Ẹni tó ra ilé fẹ́ lo BQ rẹ̀. Bàbá kó lọ sí Nyanya. Owó ilé gbówó lórí, ó tún kó rékọjá ààlà wá sí Mararaba, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Nasarawa. Gbogbo ìgbà tó bá kó, oorun rẹ̀ ń dín wákàtí kan. Dókítà ò ní bi í nípa ilé Garki, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí ru.

Owó ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000 ó di ₦70,000 ní 2024. Epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní Àbújá kí wọ́n tó kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ ní May 2023 ti kọjá ₦600 ní July ọdún yẹn. Ẹ̀yin ẹ ṣírò. Nígbà tí ẹja bá kúrò nínú ọbẹ̀, mágí ló ń gba ipò rẹ̀, iyọ̀ ló sì kún inú mágí.

   

Ẹnì kan á ní olówó náà ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ̀ ọ̀gá wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

N kò sọ pé Bàbá ò jẹ̀bi ohunkóhun. Ojú mi ni ó ṣe ń wọ́n iyọ̀ sórí ẹ̀wà tó níyọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká tó ní ẹnì kan ò gbọ́ràn, ká kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló ń jí. Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti iyọ̀ nìkan.

Mo sọ fún un pé kó padà lọ ṣàlàyé fún dókítà, pé kì í ṣe gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lé omi. Ó ní ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì òun, Garki ló ṣì wà, àti pé tòun bá lọ, gbogbo ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, kúèrì mìíràn á sì tún dé. Ó ní ó ku oṣù mẹ́rìnlá tóun á fẹ̀yìn tì. Òun á padà sí Ìkìrun, ilé ìtọ̀ òun wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀, òun á wá máa lò ó pé pérépéré. Ó wọlé lọ gbé agolo mílíìkì kan jáde. Gbogbo èyí tí kò lò ló wà nínú rẹ̀. Ó mì ín sí mi létí kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.