Èènì ni àbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Adéògún_K: Láti October 2002 títí di December 2007, Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ń dín owó chip kù fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ìyẹn Dell, HP, NEC àti Lenovo, bí wọ́n bá ṣáà ti gbà láti ra gbogbo rẹ̀, tàbí èyí tó pọ̀ jù, lọ́wọ́ òun, kí wọ́n pa AMD, tí òun náà ń ṣe chip, tì. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù (European Commission) bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.06 yúrò lé Intel ní 2009. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé òwò nìyẹn àbí ìrẹ́jẹ?

Títí_Láé: Mi ò kà á tán, ó gùn jù. Lápútọ́ọ̀pù orí itan mi yìí ṣáà ń gbóná bí ààrò. Chip ta ló tiẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Ajé_Ńwá: Òwò ni. Ẹni tó bá ra ọjà púpọ̀, èènì tọ́ sí i. Kí ló kan ìjọba níbẹ̀?

Fìlà_Gọbi: Èènì wo? AMD sọ nílé ẹjọ́ pé òun fẹ́ fún HP ní chip mílíọ̀nù kan lọ́fẹ̀ẹ́. 160,000 péré ni HP gbà! Ta ló ń kọ ọ̀fẹ́, tí kì í bá ṣe pé ẹ̀rù ń bà á?

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà: Ẹ kó 840,000 tó kù wá o 😂

Ajé_Ńwá: ÈÈNÌ NI. Ilé ẹjọ́ sì ti fagi lé ìtanràn yẹn ní 2022.

Fìlà_Gọbi: O ò mọ̀wé kà ni? Ẹ̀sùn ti ẹ̀dínwó ni wọ́n fagi lé. Owó tí Intel san kí HP, Acer àti Lenovo lè dá kọ̀ǹpútà AMD dúró, ẹ̀sùn ìyẹn ò kúrò nílẹ̀. Mílíọ̀nù 376 yúrò ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù tún bù lé Intel ní 2023 nítorí ẹ̀.

Ajé_Ńwá: Èmi lò ń pè ní "o"? Mo bí irú ẹ lọ́mọ!

Fìlà_Gọbi: Ṣé ọjọ́ orí ló ń ra chip?

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà: Ẹ má dá a lóhùn mọ́, mà.

Ajé_Ńwá: Ta ni "mà"? Ọkùnrin ni mí!

Ọmọ_Ìyá_Ọlọ́jà: Yéè! Ẹ má bínú, sà 😂😂

Àlàbá_Kẹ́jì: Media Markt ńkọ́? Ilé ìtajà ni wọ́n, wọn kì í ṣe kọ̀ǹpútà jáde, títà ni wọ́n ń tà á. Ìgbìmọ̀ yẹn ní Intel ń sanwó fún àwọn náà, kí ti AMD má bàa dé orí pẹpẹ wọn.

Ajé_Ńwá: Àlàbá, jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?

Fìlà_Gọbi: Mo dàgbà tó láti mọ̀ pé AMD gba bílíọ̀nù 1.25 dọ́là lọ́wọ́ Intel ní November 2009 kó tó jáwọ́ nínú ẹjọ́. Èènì nìyẹn náà?

Ajé_Ńwá: ÈÈNÌ NI!!!

Adéògún_K: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi…

Títí_Láé: Mo ti dojú ẹ̀ délẹ̀ báyìí. Ó ṣì ń gbóná.