Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ wá rẹ́rìn-ín láàárín èèyàn

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Àwa tá a máa ń fi emoji ẹ̀rín bíi mẹ́fà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí eyín kan ṣoṣo ò sì yọ síta lẹ́nu wa, àwa ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Gbogbo èèyàn ló ń wo skit, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo onítọ̀hún níbi tó jókòó sí, ṣe ló fajú ro. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rín tó ń ṣe ara lóore, àárín èèyàn ló pọ̀ sí jù, ẹni tí ò bá gbà ká jọ jà á níbí.

Mi ò kàn dédé sọ ọ́ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan, Robert Provine tó kú ní 2019, òun àtàwọn ọmọ ilé ìwé ẹ̀ máa ń lọ síbi térò bá pọ̀ sí, wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sọ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín sílẹ̀. Wọ́n rí i pé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ìlọ́po 30 ju ìgbà tó bá dá wà tí kò sí ìwé tàbí tẹlifíṣọ̀n níwájú ẹ̀. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àwàdà kankan nínú, ọ̀rọ̀ lásán bíi "ṣé ó dá ẹ lójú?" ni.

Ẹ lọ síbi táwọn ìyá bá ti ń bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́ ní Kàbà níbí kẹ́ ẹ wo nǹkan tí mò ń sọ. Ìyá kan á kàn na ọwọ́ sí igbá ìyá kejì, á ní "tèmi lẹ̀ ń bó yẹn o", ó parí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó sún mọ́ ọn á gbá a nítan, èyí tó wà lápá ọ̀hún á ti da atẹ ẹ̀ nù, èèpo ẹ̀gúsí á lẹ̀ mọ́ ìró gbogbo wọn, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọ́n á di ikùn mú. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ, ẹ ò ní rí nǹkan tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé wọn ò ní wàhálà o, ẹ̀yìn ń ro òmíì, òmíì ò tíì rówó ilé ìwé ọmọ san.

Ẹ̀yìn ríro yẹn gan-an ni mo fẹ́ dé. Robin Dunbar àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Oxford gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2011, wọ́n fi nǹkan tútù bíi yìnyín tàbí nǹkan tó ń fún apá dán àwọn èèyàn wò kí wọ́n lè mọ ibi tára wọn lè gba ìrora dé, wọ́n wá fi eré apanilẹ́rìn-ín hàn wọ́n, wọ́n tún dán wọn wò. Àwọn tó rẹ́rìn-ín dáadáa, ara wọn gba ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní tí ẹ̀rín bá ń lọ léraléra, téèyàn ò ráyè mí sínú, iṣan ikùn á ṣiṣẹ́ gan-an, ọpọlọ á sì tú endorphin sílẹ̀, oògùn ara ríro tí Ọlọ́run fi sínú wa lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ti ọkàn náà wà ńbẹ̀. Ní 2005, Michael Miller ní Yunifásítì Maryland ní kí èèyàn 20 tára wọn le wo fíìmù ẹ̀rín, kí wọ́n sì tún wo èyí tó ń kó ìdààmú báni. Lẹ́yìn ti ẹ̀rín, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan apá wọn pọ̀ sí i ní ìdá 22 nínú 100, ti èkejì sì mú un dín kù ní ìdá 35. Èèyàn 20 ò pọ̀ o, ẹ má jẹ́ ká tanra wa, torí náà ẹ má torí ẹ̀rín pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, mo bẹ yín. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lápàárá, ojú ọgbẹ́ ò fẹ́ yẹn.

Ká wá padà sórí fóònù. Nígbà ayé Bàbá Sàlá tó kú ní 2018, ilé ẹnì kan tó ní tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo àdúgbò á rọ́ lọ, ẹni tí ò ráyè wọlé á dúró lójú fèrèsé, bí bàbá yẹn bá sì ti yọ pẹ̀lú bótáì gbàǹgbà ọrùn ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ rárá, ilé ti dàrú. Lóde òní ọmọ mẹ́rin á wà ní pálọ̀ kan, earpiece mẹ́rin, kálukú á máa fi imú rẹ́rìn-ín, fúù, ó tán. Fídíò yẹn dáa, èmi náà ń wò ó, àmọ́ ẹ yọ wáyà etí yẹn kẹ́ ẹ jọ wò ó ná.

Àwọn kan á ní àwọn ò rẹ́ni bá ṣeré mọ́. Irọ́ ni jàre, ẹlẹ́mu ò tíì tilẹ̀kùn. Tẹ́ ò bá mu ẹmu, ẹ ra mínírà kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, kò sẹ́ni tó máa mú yín.