A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Ní oṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìkórè ìjọ kan ránṣẹ́ pè mí sí ìjókòó wọn, gẹ́gẹ́ bí àgbà tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, kí n lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò fẹ́ kí ó dé etí ará ìta. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Akápò wọn ti fi owó ìkórè ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù rẹ̀. Kò ta gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ mú díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó jẹ, ó dá owó padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jẹ, ó wá ń fi owó wá owó kiri títí àpò fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ forí jì mí, iṣẹ́ èṣù ni." Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo ilé rọ̀. Alága mí kanlẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń wí pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí ogun èṣù, ẹnìkan sì dá orin. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi wà lórí ìdúró, tí a ń fi èṣù gégùn-ún, tí a ń dè é tọwọ́tẹsẹ̀, tí a ń jù ú sínú ọ̀gbun. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbọ́: ta ló ní kí owó ìkórè máa gbé inú àpò ìkówópamọ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, lórí fóònù kan náà tó fi ń ta tẹ́tẹ́?

Èṣù kò ní káàdì ATM. Kò mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni àfi èyí tí a bá pè sí i létí. (Mo mọ̀ pé orúkọ Èṣù tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi pe Sátánì nínú Bíbélì Yorùbá ń fa àríyànjiyàn títí di òní, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo bá wá, Èṣù tí gbogbo wa ń dá lẹ́bi ní ilé ìjọsìn ni mò ń sọ.)

Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹni tó bá sì ti rí ilé tí a fi bẹ́ẹ̀rẹ̀ bò rí kò nílò àlàyé. A sábà máa ń fi òwe náà ta ara wa jí bí ọ̀rọ̀ kan bá ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá. Ẹ jẹ́ kí á tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí á sì ṣàkíyèsí pé òwe náà kò bá iná wí. Iṣẹ́ iná ni kí ó jó. Kò tilẹ̀ bá ẹni tó dáná wí. Ẹni tó mọ̀ pé iná wà lórí òrùlé tó sì lọ nà gbalaja sórí ẹní ni òwe náà dojú kọ, ẹni náà gan-an ni ó sì ń dìde láàárọ̀ láti sọ fún aládùúgbò pé èṣù ló jó ilé òun.

Jákọ́bù kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Nínú orí kìíní ìwé rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Ọlọ́run ló ń dán òun wò. Olúkúlùkù ni a ń dánwò nígbà tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bá fà á lọ tí ó sì tàn án jẹ. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa sì ṣe wá lóore nígbà tí wọ́n lo ọ̀rọ̀ náà ìdẹwò, nítorí ìdẹ wà nínú rẹ̀, gbogbo apẹja ló sì mọ̀ pé ìdẹ kò lè mú ẹja tí ebi rẹ̀ kò pa. Lójoojúmọ́ ni a ń gbàdúrà pé, "Má sì fà wá sínú ìdẹwò." A ó ṣe àmín, a ó wọ bàtà, a ó sì fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo Dáfídì nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí 11. Bíbélì kò bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ Bátíṣébà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àkókò tó tí àwọn ọba ń lọ sójú ogun, Dáfídì sì rán Jóábù lọ, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dìde lórí àkéte rẹ̀, ó sì ń rìn kiri lórí òrùlé ààfin. Orí òrùlé, ẹ̀yin ará! Ọkùnrin tí ipò rẹ̀ wà ní ojú ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ní ìrọ̀lẹ́. Iná ti wà lókè kí obìnrin náà tó bu omi ìwẹ̀. Ó wò, ó bèèrè orúkọ, wọ́n sì sọ fún un pé ìyàwó Ùráyà ni. Ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀ tí ó lè gbà padà. Ó ránṣẹ́ lọ mú un. Síbẹ̀ ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ Dáfídì. Nígbà tí Nátánì wí fún un pé òun ni ọkùnrin náà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Kò ní iṣẹ́ èṣù ni. Nínú ọgbà Édẹ́nì ni a ti ń sọ ìyẹn, nígbà tí Ádámù ti ẹ̀bi sọ́rùn ìyàwó, tí ìyàwó sì tì í sọ́rùn ejò. Ọlọ́run bá ejò wí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ádámù àti Éfà kò sùn nínú ọgbà náà mọ́.

Pétérù ńkọ́? Ní Gẹtisémánì, Olúwa ní kí wọ́n máa ṣọ́nà kí wọ́n sì máa gbàdúrà, kí wọ́n má baà bọ́ sínú ìdẹwò. Ó sùn. Lóru ọjọ́ náà kan náà, ìwé Jòhánù sọ fún wa pé òtútù mú, àwọn ìránṣẹ́ dá iná èédú, Pétérù sì dúró tì wọ́n, ó ń yáná. Iná àwọn tó wá mú Olúwa rẹ̀ ni ó ń yá. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa àkùkọ tó kọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí àkùkọ tó jí.

Mo ní láti jẹ́wọ́ tèmi kí ó má baà dà bíi pé orí ẹlòmíràn nìkan ni mò ń fá. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mò ń gbé ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn tí mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ pé ẹmu kò ní kan ẹnu mi mọ́, nítorí mo ti rí ohun tí ó ń fi mí ṣe. Ọ̀nà méjì ni mo lè gbà relé láti ibi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gba iwájú abà ẹlẹ́mu tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, ọ̀nà yẹn gan-an ni mo sì ń gbà. Mo ń sọ fún ara mi pé òun ló yá. Irọ́ ni mò ń pa, ó jìn ju èkejì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kí wọn lókèèrè tí mo sì ń kọjá, orí mi sì ń wú pé mo ti borí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo yà láti sinmi ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, igbá ti wà lọ́wọ́ mi. Mo fi omijé lọ bá bàbá àgbà kan ní ìjọ wa pé kí wọ́n bá mi lé ẹ̀mí ọtí jáde. Bàbá gbọ́ mi títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àdúrà wà, a ó gbà á. Ṣùgbọ́n, ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ilé rẹ ni?" Inú bí mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, kí wọ́n sì pariwo. Ó tó ọdún púpọ̀ kí n tó ka Òwe orí 7 dáadáa, tí mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin aláìlóye náà níbẹ̀, tó ń gba ìtòsí igun ilé obìnrin àjèjì kọjá lálẹ́.

Ohun tí bàbá náà rí ni a kò fẹ́ rí lónìí. Ìwé Mímọ́ pín iṣẹ́ náà sí méjì fún wa, àwa sì yí i po. Fún èṣù, Jákọ́bù ní kí a kọ ojú ìjà sí i, yóò sì sá kúrò lọ́dọ̀ wa. Fún àgbèrè, Pọ́ọ̀lù kò sọ̀rọ̀ ìjà rárá. Ó ní kí a sá. Ó tún sọ fún Tímótì pé kí ó sá fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ìgbà èwe. Jósẹ́fù kò dúró gbàdúrà ìdáǹdè nínú yàrá ìyàwó Pọ́tífárì. Jẹ́nẹ́sísì 39 sọ pé lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń bá a sọ ọ́, tí kò sì gbà láti sùn tì í, tàbí láti wà pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá, àti pé lọ́jọ́ tí obìnrin náà di aṣọ rẹ̀ mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó bẹ́ jáde. Ó sì tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má rò pé sísá kì í náni ní nǹkan. Àwa ńkọ́? Èṣù tó yẹ kí ó sá fún wa ni à ń pariwo lé lórí láti òru mọ́jú, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tó yẹ kí á sá fún ni a sì tẹ́ ẹní fún nínú yàrá. Ẹni tó fi iná sórí òrùlé tó sì ní kí àwọn áńgẹ́lì máa bá òun ṣọ́ ilé, ohun tí ó ń ṣe ni Sátánì ní kí Jésù ṣe lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì: bẹ́ sílẹ̀, wọn yóò gbé ọ. Sátánì tilẹ̀ fi Sáàmù gbè é lẹ́sẹ̀. Èsì Olúwa ṣe ṣókí, a kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run wa wò.

Àwọn tó gba ìgbàgbọ́ ṣáájú wa mọ èyí. Ní ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, àwọn ènìyàn gbé oògùn àti ońdè wọn jáde láti dáná sun wọ́n. Wọn kò gbé wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn kí wọ́n máa gbàdúrà pé kí ojú má kàn án. Àwọn ará Éfésù ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ìwé idán tí wọ́n sun níbẹ̀ sì tó 50,000 owó fàdákà. Kò sí ẹni tó ní kí a tà wọ́n kí a fi owó rẹ̀ kọ́lé Ọlọ́run.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ògiri ti lanu, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú. Ìwọ arákùnrin tí o fi "Télọ̀" pa nọ́ńbà obìnrin mọ́ sínú fóònù, télọ̀ wo ló ń pe ènìyàn ní agogo 11 òru? Ìwọ arábìnrin tí o ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí o sì ń gba ẹ̀bùn rẹ̀ lóṣooṣù, èwo ni kí á gbàdúrà lé lórí nínú méjèèjì? N kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́, ìyẹn nílò agbẹjọ́rò àti ìrànlọ́wọ́, kò nílò ìbáwí mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ Lẹ́ǹtì fún 40 ọjọ́, tí ẹ fi ebi pa ikùn, tí ẹ sì fi àwòrán ìhòòhò bọ́ ojú lóru lábẹ́ aṣọ ìbora, ta ni ẹ ń tàn? Ikùn tí kò ṣẹ̀ ni ẹ nà. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn náà kò mọ́ níbẹ̀. Ó rọrùn láti lé ẹ̀mí jáde, ó sì máa ń dùn ún wò. Ó ṣòro láti pe ọkùnrin kan sí kọ̀rọ̀ kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó pa ohun tó fi ń ta tẹ́tẹ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀ lójú yín. Pọ́ọ̀lù ṣèlérí fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀nà àtiyọ fún ẹni tí a ń dánwò. Ọ̀nà ni ó pè é. Ẹni tí kò bá gbé ẹsẹ̀, kò sí áńgẹ́lì tí yóò pọ̀n ọ́n gba ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìkórè náà tún ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Akápò ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí, èṣù tó lò ó ti lọ, wọ́n sì ti dá a padà sí ipò rẹ̀. Mo bèèrè báǹkì tí owó náà yóò máa wà báyìí, àti iye ènìyàn tí yóò máa fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Alága ní inú fóònù arákùnrin náà ni yóò ṣì wà, nítorí òun ló yá, ó sì bẹ̀ mí kí n má ṣe fi ìbéèrè mi da ìgbàgbọ́ ọmọ ọlọ́mọ rú.